Òǹtẹ̀wé Gẹ́gẹ́ Bí Akéwì: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ D. A. Ọbasá àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Olùkọ́ Èdè Yorùbá ní Etíkun Ìlàjẹ

Àṣamọ̀

Dénrelé Adétìmíkàn Ọbasá (1879–1945) wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ewì alohùn Yorùbá wọ inú ìwé títẹ̀. Òǹtẹ̀wé ni, olóòtú ìwé ìròyìn ni, akéwì sì ni. Àpilẹ̀kọ yìí fi tíọ́rì ìbáraẹnigbépọ̀ ṣe àgbéyẹ̀wò bí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ṣe fún ewì rẹ̀ ní ìrísí. Ó jiyàn pé ètò tí Ọbasá ṣe sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà jẹ́ iṣẹ́ ọnà tí ó dúró fúnra rẹ̀, àti pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan náà tí ó gba ewì kan là ni ó fi òmíràn sílẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀rí èyí hàn ní etíkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Iṣẹ́ yìí dábàá pé kí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ kọ́ ọgbọ́n Ọbasá, kí wọ́n sì tún àléébù rẹ̀ ṣe.

Ìfáàrà

Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe ni a fi ń wá a. Bóyá ni akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni tí kò mọ òwe yìí. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ tí ó wà lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ni bá dé kíláàsì ní Ugbónlá tàbí ní Ayétòrò, àwọn ọmọ tí wọ́n jókòó níwájú rẹ̀ kò dàgbà sí ibi tí ẹṣin ti ń rìn. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn baba wọn fi ń lọ pẹja, òun náà ni àwọn ìyá wọn fi ń ná ọjà Ìgbókọ̀dá. Wọ́n lóye òwe náà nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ ti fi yé wọn, àmọ́ láti ibòmíràn ni ó ti wá bá wọn. Ta ni ó gbé e wọ inú ìwé? Kí ni ó dé tí òwe àti ewì ilẹ̀ ọ̀dàn fi pọ̀ nínú ìwé tó bẹ́ẹ̀, tí ti orí omi sì ṣọ̀wọ́n?

Ẹni tí yóò dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí kò lè dúró lórí ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan. Ó ní láti wo ẹni tí ó tẹ ìwé náà, ìlú tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà, àti irú ènìyàn tí ó ní lọ́kàn pé yóò ra á. Nínú ìtàn lítíréṣọ̀ Yorùbá, ẹni tí ó bá irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ mu jù lọ ni Ọbasá, nítorí pé ọwọ́ kan náà ni ó fi ṣa ọ̀rọ̀ jọ, tí ó fi tò ó, tí ó sì fi tẹ̀ ẹ́. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé a kò lè ṣe ìdájọ́ òdodo lórí Ọbasá akéwì bí a bá gbàgbé Ọbasá òǹtẹ̀wé, àti pé olùkọ́ tí ó bá lóye èyí yóò rí i pé ìwé tí ó ń lò ní kíláàsì kò kó gbogbo Yorùbá já. Lẹ́yìn ìtúpalẹ̀ ìwé Ọbasá, iṣẹ́ yìí yóò padà sí etíkun Ìlàjẹ láti wo ohun tí ó ṣẹ́ kù fún olùkọ́ ibẹ̀ láti ṣe.

Tíọ́rì Tí Iṣẹ́ Yìí Gùn Lé

Tíọ́rì ìbáraẹnigbépọ̀ ni òpómúléró iṣẹ́ yìí. Ohun tí tíọ́rì náà dúró lé ni pé láàárín àwùjọ ni lítíréṣọ̀ ti ń wáyé, àwùjọ ni ó sì ń fún un ní àyè tàbí tí ó ń dí i lọ́wọ́. Nínú àwọn onímọ̀ tí wọ́n gbé e kalẹ̀, Robert Escarpit, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó wúlò jù níhìn-ín. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1958, ó pín ìgbésí ayé ìwé sí ìpele mẹ́ta: bí wọ́n ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀, bí ó ṣe tàn kálẹ̀, àti bí àwọn ènìyàn ṣe lò ó. Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ewì máa ń dúró sí ìpele kìíní. Wọ́n á ka àwítúnwí, wọ́n á ka àfiwé, wọ́n á sì tú àkóónú. Àǹfààní wà nínú èyí, ṣùgbọ́n ní ti ẹni tí ó jẹ́ òǹkọ̀wé àti òǹtẹ̀wé lẹ́ẹ̀kan náà, ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wọ inú ara wọn. Bí yóò ṣe tẹ̀ ẹ́ àti bí yóò ṣe tà á ti wà lọ́kàn rẹ̀ kí ó tó kọ ìlà àkọ́kọ́.

Ọbasá àti Àsìkò Rẹ̀

Ìtẹ̀wé ní èdè Yorùbá ti wà kí wọ́n tó bí Ọbasá. Henry Townsend, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ìjọ C.M.S., gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1854. Ní ọdún 1859 ni ó bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, èyí tí ó dáwọ́ dúró ní ọdún 1867 nígbà tí rògbòdìyàn Ìfọ́lé lé àwọn òyìnbó kúrò ní ìlú. Ní ọdún 1875, àwọn aṣáájú ìjọ pàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀, Bíbélì odindi sì jáde ní ọdún 1884. Ọwọ́ ìjọ ni ẹ̀rọ wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ìwé ìsìn àti ìwé kíkà àwọn ọmọdé sì ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó ń tẹ̀.

Àwọn ọdún 1920 ni nǹkan yí padà gidigidi. Òfin ìjọba tuntun ti ọdún 1922 fún àwọn ará Èkó ní ẹ̀tọ́ láti dìbò yan aṣojú, ọ̀rọ̀ ìṣèlú sì gbóná lẹ́nu ará ìlú. Adéoyè Dénígà dá Èkó Akéte sílẹ̀ ní ọdún 1922, E. A. Akíntàn dá Elétí Ọfẹ sílẹ̀ ní ọdún 1923, Akéde Èkó ti I. B. Thomas sì tẹ̀ lé wọn ní ọdún 1928. Èkó ni gbogbo àwọn wọ̀nyí wà. Ìbàdàn ni Ọbasá ti dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1924. The Yorùbá News ni ó pe orúkọ rẹ̀, èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń kọ ọ́, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ó sì ń jáde. Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Ìlàrẹ́, tí ó jẹ́ tirẹ̀, ni ó ti ń tẹ ìwé jáde. Ó tẹ Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì ní ọdún 1927, ìkejì ní ọdún 1934, ìkẹta sì jáde ní ọdún 1945, ọdún tí ó kú.

Ohun méjì ni ó mú kí èyí ṣeé ṣe ní Ìbàdàn. Èkíní ni ọ̀nà. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ẹrù tí ó wúwo bí irin àti bébà sì lè tọ ọ̀nà náà wọlé. Èkejì ni ẹgbẹ́. Láti ọdún 1914 ni ẹgbẹ́ Àgbà-Ò-Tán ti wà ní ìlú náà, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀làjú tí wọ́n fẹ́ kí ìtàn, òwe àti àṣà Yorùbá má parun. Ọbasá jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Isaac Babalọlá Akínyẹlé, tí ó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní ọdún 1911, tí ó sì wá jẹ Olúbàdàn lẹ́yìn náà, wà nínú ẹgbẹ́ yìí pẹ̀lú. Orúkọ ẹgbẹ́ náà fi èrò wọn hàn: àgbà kò tíì tán nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wọ́n pé wọ́n lè tán.

Irú ènìyàn bí Ọbasá kò ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn tí ìjọba àjèjì jókòó lé lórí. Ní Silesia, ní àárín ilẹ̀ Yúróòpù, Karol Miarka (1825–1882) jẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ abúlé kí ó tó di olóòtú àti òǹtẹ̀wé. Ó gba ìwé ìròyìn Katolik ní ọdún 1869, ó sì ń tẹ ohun kíkà ní èdè Pólàǹdì fún àwọn àgbẹ̀ àti awakùsà tí wọ́n wà lábẹ́ ìjọba Prussia. Nígbà tí ìjọba náà ń lé èdè Pólàǹdì kúrò nínú ilé-ẹ̀kọ́ ní àwọn ọdún 1870, ìwé bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ kejì fún àwọn ènìyàn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mélòó kan ni wọ́n sì ju Miarka sẹ́wọ̀n. Ìyàtọ̀ wà láàárín òun àti Ọbasá. Ìjọba amúnisìn kò fòfin de Yorùbá. Ohun tí Ọbasá dojú kọ rọra ń ṣiṣẹ́ ni: Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń gbani síṣẹ́, àwọn tí wọ́n mọ ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ wọn tí ó kàwé kò sì ráyè jókòó tì wọ́n. Ohun tí ó so àwọn méjèèjì pọ̀ ni ìgbàgbọ́ pé èdè tí kò bá ní ìwé tí ará ìlú lè rà yóò di ohun ìtìjú lójú àwọn ọmọ rẹ̀.

Ohun Tí Ìtẹ̀wé Sọ Ewì Dà

Àkọlé ìwé Ọbasá yẹ kí ó gba àfiyèsí kí òǹkàwé tó ṣí i. Àwọn Akéwì ni ó kọ, ó fi wọ́n sí ọ̀pọ̀. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ, tí ó ni ilé-iṣẹ́, tí ó sì lè kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà, gbà lójú ọ̀nà pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni òun gbé wá. Nínú ewì rẹ̀, òwe, ọfọ̀, oríkì, ìjálá àti ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ mìíràn máa ń pàdé lábẹ́ àkọlé kan, tí ó sábà máa ń jẹ́ ìwà, iṣẹ́, ayé tàbí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí, ó rọrùn fún lámèyítọ́ láti sọ pé akójọpọ̀ lásán ni, pé Ọbasá kò dá nǹkan kan sílẹ̀. Bí ó ti wù kí ìdájọ́ yìí dà bí òótọ́ tó, kò wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ nígbà tí ó kúrò lẹ́nu tí ó dé orí bébà.

Nǹkan àkọ́kọ́ ni àkọlé fúnra rẹ̀. Ewì alohùn kò ní àkọlé. Ọlọ́jọ́ ìbí, olókùú, ọdẹ tí ó pa ẹran ńlá, ọba tí ó jókòó, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń sọ fún akéwì ohun tí yóò wí. Ọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ àkọlé. Nígbà tí wọ́n bá tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, olókùú kò sí níbẹ̀ mọ́, ọba kò sì sí níbẹ̀. Òǹtẹ̀wé gbọ́dọ̀ fi nǹkan dípò wọn, ohun tí Ọbasá sì fi dípò ni ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ní orí ewé. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó fẹ́ mọ ohun tí Yorùbá wí nípa ìwà lè ṣí ojú ewé lọ síbẹ̀ láì dúró de ọjọ́ tí ọ̀ràn yóò ṣẹlẹ̀. Ìyípadà ńlá ni èyí nínú ọ̀nà tí a ń gbà ronú.

Nǹkan kejì ni ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́. Àpẹẹrẹ òwe méjì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ yóò mú kí èyí ṣe kedere. Bí àgbà bá fẹ́ kí ọmọdé ṣe sùúrù, yóò sọ pé ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Bí ó bá fẹ́ kí ó tètè gbé ìgbésẹ̀, yóò ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Lẹ́nu, ọjọ́ kan náà kọ́ ni wọ́n ń pa òwe méjèèjì, ọ̀ràn kan náà kọ́ sì ni wọ́n ń pa wọ́n sí. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé wọ́n tako ara wọn, nítorí pé oníkálukú wọn ní ìgbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òǹtẹ̀wé bá tò wọ́n sí abẹ́ ara wọn, ojú òǹkàwé yóò rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọkàn rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé: nígbà wo ni kí a rọra, nígbà wo ni kí a yára? Ìbéèrè yìí kò sí nínú èyíkéyìí nínú òwe méjèèjì. Àárín wọn ni ó ti jáde, ẹni tí ó tò wọ́n ni ó sì bí i. Ibi tí iṣẹ́ ọnà Ọbasá wà nìyí. Bí ahunṣọ ṣe ń lo òwú tí ẹlòmíràn ran, tí a kò sì sọ pé aṣọ náà kì í ṣe iṣẹ́ ahunṣọ, bẹ́ẹ̀ ni ètò tí Ọbasá ṣe jẹ́ tirẹ̀.

Nǹkan kẹta ni ìwọ̀n. Akéwì tí ó wà lójú agbo lè fa ọ̀rọ̀ gùn bí owó bá ń bọ́ sílẹ̀, ó sì lè gé e kúrú bí òjò bá ṣú. Òǹtẹ̀wé ayé Ọbasá kò ní irú òmìnira bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà òjé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi ọwọ́ mú jáde láti inú àpótí, tí wọ́n ń tò ní ìlà ní ìlà. Ààyè tí ó wà nínú ìwé ìròyìn ní ìwọ̀n, bébà sì ní iye owó tí wọ́n ń rà á. Ewì tí yóò wọ inú irú ààyè bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tí ojú lè rí, ìlà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kúrú. Nínú The Yorùbá News pẹ̀lú ni Ọbasá ti ń tẹ ewì jáde, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ ìwọ̀n yìí dáadáa. Nígbà tí àwọn akéwì tí wọ́n tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ewì àpilẹ̀kọ tí ó ní àkọlé, tí ó ní ìlà kúkúrú, tí ó sì dá lórí kókó kan ṣoṣo, ọ̀nà tí wọ́n tọ̀ kì í ṣe tuntun mọ́. Sóbò Aróbíodu (1858–1936) àti A. K. Ajíṣafẹ́ ní ipa tiwọn nínú lílà ọ̀nà yìí. Ohun tí Ọbasá fi kún un ni ọgbọ́n ẹni tí ó mọ ewé ìwé láti ìdí ẹ̀rọ.

Àléébù Tí Ó Wà Nínú Iṣẹ́ Náà

Ohun tí ìtẹ̀wé fúnni, ó ní ohun tí ó gbà. Àléébù mẹ́ta ni ó yẹ kí olùkọ́ kíyè sí nínú ìwé Ọbasá.

Èkíní ni pé ìran àti agbo sọnù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọdẹ, ọ̀rọ̀ babaláwo àti ọ̀rọ̀ onírárà bá jókòó pọ̀ lábẹ́ àkọlé kan, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ èyí tí wọ́n ń sun, èyí tí wọ́n ń kì àti èyí tí wọ́n ń fi ìlù gbè lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìwé náà kọ́ ẹ̀yà lítíréṣọ̀ alohùn yóò ṣi àwọn ọmọ lọ́nà bí kò bá kọ́kọ́ ya wọ́n sọ́tọ̀.

Èkejì wà nínú ohun kan náà tí a ti yìn ín fún. Àkọlé rẹ̀ dá àwọn akéwì mọ̀ ní ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ náà bo ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀. Òǹkàwé mọ̀ pé àwọn kan wí i. Ta ni wọ́n, ọmọ ibo ni wọ́n, obìnrin ni àbí ọkùnrin, àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kò ní ìdáhùn nínú ìwé. Ní ayé òde òní, tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga fi ọwọ́ dan-in-dan-in mú ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀, kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ lé irú àṣà yìí.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù fún iṣẹ́ yìí. Èdè tí ó wà nínú ìwé náà jẹ́ èdè Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, èyí tí ó sún mọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò tí àwọn ìjọ ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ará Ìbàdàn kọ èdè Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó wà lára ìwé ìròyìn rẹ̀ ni Yorùbá, ìtumọ̀ tí ó sì fún ìwé ewì rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì dà bí ẹni pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ gbogbo Yorùbá ni ó wà nínú rẹ̀. Apá kan ti jẹ́ orúkọ odindi. Láti ìgbà náà ni ilé-ẹ̀kọ́ ti ń gba apá kan náà ní odindi.

Etíkun Ìlàjẹ àti Àpótí Lẹ́tà

Ìtàn etíkun Ìlàjẹ jẹ́ kí ó hàn pé jíjìnnà sí ìwé kọ́ ni ó fa ọ̀ràn yìí. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun ilẹ̀ Yorùbá dí ọ̀nà orí ilẹ̀, ọ̀sà ni àwọn oníṣòwò àti òjíṣẹ́ Ọlọ́run ń gbà láti Èkó, tí wọ́n ń gúnlẹ̀ sí etí omi ilẹ̀ Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ kí wọ́n tó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Oǹdó. Ọ̀nà yìí ni Charles Phillips gbà dé Oǹdó ní ọdún 1877. Bíbélì, ìwé orin àti ìwé ABD gba iwájú ilé àwọn Ìlàjẹ kọjá. Ìwé ń wọlé, àmọ́ ọ̀rọ̀ Ìlàjẹ kò bá ọkọ̀ kan náà padà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Abẹ́òkúta, Èkó àti Ìbàdàn ni àwọn ẹ̀rọ tí ó sọ ewì Yorùbá di ìwé ní àsìkò Ọbasá wà. Owó pẹ̀lú jẹ́ ìdènà. Òfin ìwé ìròyìn ti ọdún 1903 ní Èkó béèrè pé kí ẹni tí yóò ṣe ìwé ìròyìn fi pọ́n-ùn 250 ṣe ìdúró. Iye owó bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ apẹja.

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ tún wà níbẹ̀. Ẹ̀ka-èdè Ìlàjẹ wà lára àwọn ẹ̀ka-èdè gúúsù ìlà-oòrùn Yorùbá, pẹ̀lú Oǹdó, Ìkálẹ̀ àti Ìjẹ̀bú. Ó ní ìró gh tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní, ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀ sì lè fi u bẹ̀rẹ̀, èyí tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò gbà. Kò sí ẹni tí ó lè di ẹ̀bi èyí ru àpótí lẹ́tà, nítorí pé g wà nínú àpótí, h wà níbẹ̀, u náà sì wà. Ohun tí kò sí ni ìpinnu pé ọ̀rọ̀ tí ó ní wọn tọ́ ní kíkọ bí àwọn tí wọ́n ni ín ṣe ń pè é. Bí olóòtú bá rí u ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àṣìṣe ni yóò kà á sí, yóò sì fi i rọ́pò rẹ̀.

Fáwẹ̀lì kan ṣoṣo lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ìtàn Mọ́remí fi bí ó ṣe tóbi tó hàn. Nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, àwọn Igbò ni wọ́n ń gbógun ti Ilé-Ifẹ̀ tí Mọ́remí fi tú àṣírí wọn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ugbò ní etíkun Ìlàjẹ sọ pé àwọn ni ìtàn náà ń bá wí, pé àwọn ni onílẹ̀ Ifẹ̀ kí àwọn mìíràn tó dé bá wọn, àti pé láti ibẹ̀ ni àwọn ti ṣí wá sí etí òkun. Iṣẹ́ lámèyítọ́ kọ́ ni láti ṣe ìdájọ́ láàárín Ifẹ̀ àti Ugbò. Ohun tí ó kàn án ni pé ọmọ Ugbò tí ó ń ka Igbò nínú ìwé lè kà á já láì mọ̀ pé àwọn àgbà ilé rẹ̀ ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìwé ti sọ ọ́ di àlejò nínú ìtàn tí àwọn baba rẹ̀ ń pè ní tiwọn.

Ewì kò wọ́n ní etíkun náà. Orin bírípo wà, èyí tí a fi mọ àwọn Ìlàjẹ níbi gbogbo. Orin àti ọ̀rọ̀ ìbúra wà ní ojúbọ Ayélálà, òrìṣà tí tọmọdé tàgbà ń bẹ̀rù ní ilẹ̀ Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀. Orin àwọn tí wọ́n ń wa ọkọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyìn Málòkun, olówó orí omi. Ṣùgbọ́n àsìkò kò dúró. Ayétòrò, tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀dó ní ọdún 1947 tí wọ́n sì fi ìgbé ayé àjùmọ̀ní sọ di ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn, ti ń pàdánù ilé lọ́wọ́ òkun láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Nígbà tí òkun bá gba àdúgbò kan, àwọn ènìyàn ibẹ̀ á tú ká lọ sí Ìgbókọ̀dá, sí Òkìtìpupa, sí Èkó. Agbo tí ó ń gbe orin kò ní péjọ mọ́. Ní Ìbàdàn, ikú àwọn àgbà ni ẹgbẹ́ Àgbà-Ò-Tán ń bẹ̀rù. Ní etíkun, ilẹ̀ tí àgbà yóò jókòó lé lórí láti sọ̀rọ̀ gan-an ni ó ń lọ.

Ohun Tí Olùkọ́ Lè Ṣe

Ọbasá kò dúró de ìjọba. Ohun tí ó ní ni ó lò, ohun tí olùkọ́ òde òní ní sì pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Fóònù alágbèéká tí ó lè gba ohùn sílẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà sì lè tẹ g àti h papọ̀ láì sí ẹni tí yóò yọ ọ̀kan kúrò. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni iṣẹ́ yìí dábàá fún olùkọ́ tí ó wà lẹ́nu ìdánrawò.

Kí ó kọ́kọ́ mú àkọlé kan tí ó bá ayé àwọn ọmọ mu, bí omi, ẹja, àwọ̀n tàbí ìjì. Kí ó rán ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ sí ọ̀dọ̀ àgbà kan nílé láti gbọ́ òwe, orin tàbí ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ kan lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí ó ṣe ohun tí Ọbasá kò ṣe. Kí ọmọ náà kọ orúkọ àgbà náà sílẹ̀ bí àgbà bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ó kọ orúkọ ìlú rẹ̀, kí ó sì kọ ìgbà tí wọ́n máa ń lo ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ tí ó bá jẹ́ ti awo, tí àgbà kò fẹ́ kí ó jáde, kí ó fi í sílẹ̀ níbi tí ó wà.

Ìgbésẹ̀ kẹta jẹ́ ti àkọtọ́. Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà bí àgbà ṣe pè é, kí gh jẹ́ gh, kí u dúró níbi tí ó wà, kí wọ́n sì fi Yorùbá àjùmọ̀lò ṣe àlàyé rẹ̀ lábẹ́. Àwọn ọmọ yóò tipa bẹ́ẹ̀ mọ Yorùbá àjùmọ̀lò tí wọn yóò fi ṣe ìdánwò, wọn kò sì ní rò pé èdè ilé wọn jẹ́ àṣìṣe tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ fi ìnkì pupa pa rẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni ètò, níbi tí Ọbasá ti jẹ́ ọ̀gá. Kí kíláàsì jókòó, kí wọ́n jiyàn lórí èyí tí yóò ṣíwájú àti èyí tí yóò kẹ́yìn, kí wọ́n wo àwọn tí wọ́n gbe ara wọn lẹ́sẹ̀ àti àwọn tí wọ́n ń bá ara wọn jà. Nínú àríyànjiyàn yìí ni wọn yóò ti mọ̀ pé títò ọ̀rọ̀ jẹ́ iṣẹ́ akéwì. Bí wọ́n bá ti tò ó tán, kí olùkọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ náà àti fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tí ó ti wá. Ìwé pélébé mẹ́wàá láti ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá ní etíkun yóò tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ìkádìí

Àpilẹ̀kọ yìí ti ṣe àgbéyẹ̀wò D. A. Ọbasá gẹ́gẹ́ bí òǹtẹ̀wé tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wọ inú ewì rẹ̀. Ó ti fi hàn pé àkọlé, ìtò àti ìwọ̀n, tí ìtẹ̀wé bèèrè fún, ni Ọbasá fi sọ ọ̀rọ̀ tí ó tú ká di ewì tí ó dúró lórí ewé, àti pé ẹni tí ó bá pè é ní akójọpọ̀ lásán kò tíì wo iṣẹ́ náà dé ìdí. Ó tún ti fi hàn pé ìwé náà gbàgbé agbo, ó bo orúkọ mọ́lẹ̀, ó sì jẹ́ kí apá kan ilẹ̀ Yorùbá sọ̀rọ̀ fún gbogbo rẹ̀. Ní etíkun Ìlàjẹ, àbájáde èyí wà nínú kíláàsì títí di òní. Ọbasá fi ẹ̀rọ kan, ìlú kan àti sùúrù ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwé mẹ́ta. Olùkọ́ tí ó bá kà wọ́n, tí ó sì kọ́ ọgbọ́n inú wọn, kò ní fi wọ́n ṣe òpin ìmọ̀. Yóò bi àwọn ọmọ tí ó ń kọ́ léèrè ohun tí àwọn àgbà ilé wọn wí, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí omi tó dé ẹnu ọ̀nà.